Dè É, Fi Ààlà Sí I, àbí Ṣí I Sílẹ̀? Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin fún Láíbìrì Ilé-ìwé ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì

Ìjà lórí ìwé láíbìrì kì í sábà bẹ̀rẹ̀ nínú láíbìrì. Òbí kan ló máa ń rí ojú ewé kan nínú ìwé tó wà ní báàgì ọmọ rẹ̀, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò gbé e sórí WhatsApp àwọn òbí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti ń pe ọ̀gá ilé-ìwé pé kó kó gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n bá fi ìbínú pinnu láàárọ̀ ọjọ́ náà ló máa ń di òfin, nítorí kì í sẹ́ni tó ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó sàn kí ọ̀gá ilé-ìwé, olùkọ́ láíbìrì, ìgbìmọ̀ SBMC (ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń bá ilé-ìwé ṣe àkóso) àti àwọn òbí ti yan ọ̀nà wọn kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Wọ́n lè yọ ìwé tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ kúrò pátápátá. Wọ́n lè fi ààlà kíláàsì sí i. Wọ́n lè ní kí òbí kọ̀ọ̀kan pinnu fún ọmọ tirẹ̀. Wọ́n sì lè ṣí gbogbo sẹ́lífù sílẹ̀, kí olùkọ́ máa tọ́ ọmọ sọ́nà. N kò ní fi èrò mi pamọ́: ààlà kíláàsì, tí ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ tirẹ̀ nìkan bá tì í lẹ́yìn, ló bá ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa mu. Kò bá gbogbo wọn mu ṣá, a ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè tó ṣáájú ni bóyá ọ̀nà kan dáàbò bo ọmọ ní tòótọ́, àbí ọkàn àgbà nìkan ló ń fi balẹ̀. Ọmọ SS2 tó ní fóònù lè rí PDF ìwé tí ilé-ìwé dè kí aago ìsinmi tó lù. Ọmọ Pírámárì 3 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìdènà wúlò fún un ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Òfin kan náà fún àwọn méjèèjì kò lè bá ọ̀kan nínú wọn mu dáadáa.

Ìdánwò ló tẹ̀ lé e. WAEC máa ń yan ìwé lítíréṣọ̀ fún ọdún márùn-ún márùn-ún: ti 2021 sí 2025 ti parí, ti 2026 sí 2030 ló kàn. JAMB náà máa ń yan ìwé ìtàn kan fún gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe Use of English. Ìfipábánilòpọ̀, ogun, ìpànìyàn àti ìwà ìbàjẹ́ máa ń jẹ yọ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀dọ́ tó ń di àgbà ni wọ́n yàn wọ́n fún. Ilé-ìwé tó bá ṣe òfin tí kò yọ ìwé ìdánwò sílẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni ìpinnu náà dé bá? Òbí kan lẹ́tọ̀ọ́ lórí ohun tí ọmọ tirẹ̀ ń kà. Kò lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ 600 yòókù. Ẹ tún wo bóyá ètò náà á dúró tí wọ́n bá gbé olùkọ́ láíbìrì lọ sí ilé-ìwé mìíràn, nítorí ní ilé-ìwé ìjọba, wọ́n á gbé e.

Òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 39 ìwé òfin 1999 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba èrò àti ìròyìn. Abala 38 ní wọn kò gbọ́dọ̀ fi dandan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Dandan ni abala yẹn ń dènà. Ìwé tó wà lórí sẹ́lífù tí ẹnikẹ́ni lè mú tàbí kó fi sílẹ̀ kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni, àmọ́ tí tíṣà bá ní kí gbogbo kíláàsì ka ìwé àdúrà ẹ̀sìn kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ, ti 1989, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1991, fẹ́ méjèèjì: kí ọmọ rí ìwé kà, kí wọ́n sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ èyí tó lè pa á lára. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọ. Ìtẹ̀jáde oníṣekúṣe sì ti ní òfin tirẹ̀ láti 1961.

Fíìmù ní àjọ tó ń kọ iye ọdún sára rẹ̀, èyíinì NFVCB, tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Ìwé kò ní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni yóò ka ìwé, tí yóò sì pinnu.

Páálí ìwé ọ̀fẹ́: ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Kí ẹ tó yan ọ̀nà kankan, ẹ wo ibi tí ìwé ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ láíbìrì ilé-ìwé wa ló ń gba ẹ̀bùn: páálí ìwé àlòkù láti Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, ìwé tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kó wá, èyí tí olóṣèlú pín. Ìwé ọmọdé, ìwé ìfẹ́ àgbàlagbà, ìtàn ìpànìyàn àti ìwé ìdáná máa ń wà nínú páálí kan náà. Inú ayẹyẹ gbígba ẹ̀bùn ni wọ́n ti ń tò wọ́n sórí sẹ́lífù, ẹnikẹ́ni kì í ṣí wọn wò. Tí ọmọ Pírámárì 5 bá wá mú ìwé ìfẹ́ olójú ewé 300 lọ sílé, a ó máa pè é ní ìwé àríyànjiyàn, bẹ́ẹ̀ ìwé àgbà tó ṣìnà ni.

Ẹ má jẹ́ kí páálí kankan ti ẹnu ọ̀nà dé orí sẹ́lífù lọ́jọ́ kan náà. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta: èyí tó hàn gbangba pé ti ọmọdé ni, èyí tó hàn gbangba pé ti àgbà ni, àti èyí tí kò dájú. Fún èyí tí kò dájú, ẹ ka ẹ̀yìn ìwé, ojú ewé 20 àkọ́kọ́, ojú ewé 20 tó kẹ́yìn, kí ẹ sì ṣí i níbi márùn-ún láàárín láìyàn. Ìdajì wákàtí tó fún èyí. Tí ohun kan bá kọ yín lóminú, kí ẹnì kan gbé e lọ kà tán kó tó gba nọ́ńbà. Ìwé àgbà tó dáa, ẹ gbé e fún yàrá olùkọ́ tàbí láíbìrì ìjọba ìbílẹ̀. Ilé-ìwé tó bá ń ṣe èyí déédéé, ẹjọ́ tó máa bá a kò ní tó nǹkan, ọ̀nà yòówù kó yàn.

Yíyọ ìwé kúrò pátápátá

Òun ló rọrùn jù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Ọ̀gá á ní kí wọ́n kó o, wọ́n á kó o, kò ná kọ́bọ̀. Àwọn ìwé kan sì wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn tó tọ́ sí wọn: èyí tí wọ́n fi àwòrán ìbálòpọ̀ kún fún ìtagìrì, èyí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń po oògùn olóró tàbí bí wọ́n ṣe ń rọ ohun ìjà, àti èyí tó ń rọ ènìyàn pé kí wọ́n pa ẹ̀yà tàbí ẹlẹ́sìn mìíràn. Ẹ má pe ìpàdé lórí àwọn yìí. Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí sílẹ̀.

Ìwé tó ti gbó nínú ìmọ̀ tún yàtọ̀. Ìwé ìlera àtijọ́ tó ní kò sí oògùn tó lè jẹ́ kí ẹni tó ní HIV pẹ́ láyé ti di irọ́ lónìí. Ẹ ṣà á dànù nítorí pé kò tọ̀nà mọ́. Kì í ṣe pé ẹ fòfin dè é.

Tí dídè bá ti kọjá àwọn wọ̀nyí, kì í mọ ibi tó máa dúró. Ní 2007, gómìnà Kano nígbà náà, Ibrahim Shekarau, dáná sun ìwé ìfẹ́ tí wọ́n fi èdè Hausa kọ ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin. Iná jó, àmọ́ àwọn obìnrin tó ń kọ ìwé náà kò ṣíwọ́, àwọn tó ń rà á kò sì ṣíwọ́. Ní Florida, òfin 2023 ní tí òbí tàbí olùgbé àgbègbè náà bá ti fẹ̀sùn ìbálòpọ̀ kan ìwé kan, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, kó wà níta títí ìdájọ́ á fi dé. Ẹ̀sùn fúnra rẹ̀ ti di ìdájọ́ nìyẹn. PEN America, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, ka ìyọkúrò tó ju 10,000 lọ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba Amẹ́ríkà ní sáà ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, Florida ló sì ṣáájú. Ilé ẹjọ́ gíga jù ní ilẹ̀ yẹn ti dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ní 1982, nínú ẹjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Steven Pico àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè. Àwọn adájọ́ pín sí 5 àti 4. Àwọn tó síwájú nínú ìdájọ́ náà ní ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kò gbọdọ̀ yọ ìwé kúrò ní láíbìrì kìkì nítorí pé èrò inú rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìdájọ́ Amẹ́ríkà kò de ẹnikẹ́ni ní Èkó, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó fà yọ wúlò fún wa: ìwé tí kò yẹ ọmọ, àti ìwé tí àgbà kò fẹ́ràn.

Ohun tó burú jù nínú dídè ni ohun tó máa ń gbé lọ láìròtẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, ní kí NERDC, àjọ tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé, yọ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, pé ilé àti ilé ìjọsìn ni ká fi í sílẹ̀ fún. Olùkọ́ láíbìrì tó bá fi ìbẹ̀rù ka irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ á kó gbogbo ìwé tó wà ní nọ́ńbà 612.6 (nínú ètò Dewey tí láíbìrì fi ń to ìwé) lọ. Ibẹ̀ náà ni ìwé nípa nǹkan oṣù wà. Ọmọbìnrin lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù rẹ̀ ní ọmọ ọdún 9 tàbí 10, nígbà tó wà ní Pírámárì 4 tàbí 5. Ọmọ tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀ láìmọ ohun tó jẹ́ kò rí ààbò kankan gbà lọ́wọ́ wa. Mo gbà pé kò sí òbí rere kan ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó máa fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ààlà kíláàsì

Ẹ lo kíláàsì, ẹ má lo ọjọ́ orí. Olùkọ́ kò lè mọ ọjọ́ ìbí ọmọ 800 lórí, ṣùgbọ́n rẹ́jísítà kíláàsì wà níbẹ̀, aṣọ ilé-ìwé náà sì ń sọ̀rọ̀. Àmì mẹ́ta tó: P fún gbogbo ọmọ, J fún JSS1 sókè, S fún SS1 sókè. Kí ẹ má lo àwọ̀ pupa. Sítíkà pupa lára ìwé ni ọmọ JSS2 á kọ́kọ́ na ọwọ́ sí. Lẹ́tà kékeré dúdú lórí funfun, nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ìwé, àti òmíràn nínú páálí ẹ̀yìn, kò ní pe ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé fún láíbìrì tó ní ìwé 800. Sítíkà A4 tí wọ́n pín sí 24 yóò gba abala 34 fún ẹ̀yìn ìwé. Tinú páálí, ẹ fi bírò kọ ọ́. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù fífẹ̀ tí kò ní àwọ̀ lé sítíkà lórí, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì á tú gọ́ọ̀mù rẹ̀ kí ọdún tó yípo. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìwé kan, àti àmì àti kíkọ sínú rẹ́jísítà, jẹ́ wákàtí 40. Ènìyàn méjì tó bá ń ṣe wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ á parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ẹ ṣe é nígbà ìsinmi. Kíkà àwọn ìwé tí kò dájú ló ń jẹ àkókò: tí wọ́n bá tó 60, ìdajì wákàtí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí 30 mìíràn, ẹ pín in fún àwọn olùkọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti bàyọ́lọ́jì.

Kí ló yẹ kó gba àmì wo? Ìwé nípa ara ọmọ tó ń dàgbà, nǹkan oṣù, àti bí ọmọ ṣe lè sá fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ: P, láìjampata. Ìwé Ifá, Bíbélì, Kùránì àti àlàyé nípa ẹ̀sìn: P. Ìtàn àròsọ tí iwin, àǹjọ̀nú àti oògùn pọ̀ nínú rẹ̀: P. Àwọn baba wa ti fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tọ́ ọmọ lábẹ́ òṣùpá tipẹ́tipẹ́, n kò sì rí ìdí tí ilé-ìwé á fi máa bẹ̀rù rẹ̀. Ìtàn tí ìwà ipá wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dúró lórí rẹ̀ pẹ́: J. Ìwé tó ṣàpèjúwe ìfipábánilòpọ̀, ìpara-ẹni tàbí ìfìyàjẹni lẹ́sẹẹsẹ: S. Ẹ bi ara yín bóyá ojú ewé náà ń fi àbájáde ìwà kan han ọmọ ni, àbí bí wọ́n ṣe ń hu ìwà náà ló ń kọ́ ọ. Èyí tó ń fi àbájáde hàn máa ń yẹ kó wà nísàlẹ̀ ju bí ẹ ṣe kọ́kọ́ rò lọ.

Ẹ to ìwé S sẹ́yìn tábìlì olùkọ́ láíbìrì, lórí sẹ́lífù gbangba. Ọmọ SS á béèrè, olùkọ́ á wo kíláàsì rẹ̀, á fún un. Ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Ní ìlú etí omi, èéhù á bo ìwé tí wọ́n tì pa, ikán á sì dé bá a láìsẹ́ni tó mọ̀. Tó bá di dandan kí ẹ tì í, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ onínẹ́ẹ̀tì wáyà, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri, kí ẹ sì máa ṣí i lójoojúmọ́.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti máa ń bàjẹ́ pọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé aládàáni ni kì í ṣe Pírámárì 6, nítorí náà ọmọ ọdún 10 lè wà ní JSS1. Fún irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, kí J bẹ̀rẹ̀ láti JSS2. Ọmọ SS lè yá ìwé fún àbúrò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí rẹ́jísítà pé òun ló ń kà á, kí ẹ má sì sọ ọ́ di ọ̀ràn ọlọ́pàá. Èyí tó burú jù ni ìbẹ̀rù: olùkọ́ tí kò fẹ́ wàhálà á lẹ S mọ́ gbogbo nǹkan. Lójú tèmi, tí ìwé S bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́wàá láíbìrì lọ, ẹ tún un kà, nítorí ó ti di dídè tó wọ aṣọ mìíràn. Kí gbogbo àmì S ní ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan nínú rẹ́jísítà, kí olùkọ́ tí wọ́n bá gbé wá lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí i.

Ààlà máa ń yí padà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ní New Zealand, níbi tí ìjọba ti ń fi iye ọdún sí ìwé, ìwé ọ̀dọ́langba kan gba ààlà ọdún 14 ní 2013, wọ́n fòfin dè é pátápátá fúngbà díẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2015, wọ́n sì yọ gbogbo ìdènà kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn tí iṣẹ́ wọn nìyí lójoojúmọ́ yí ọkàn padà. Ẹ̀yin náà, ẹ máa tún àmì wò lọ́dọọdún.

Àǹfààní kan wà tí ilé-ìwé ìjọba ní Èkó ti ní tẹ́lẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọgbà, ilé-ìwé kékeré àti ilé-ìwé àgbà ti pínyà, ọ̀gá méjì ló wà níbẹ̀. Tí láíbìrì náà bá jẹ́ méjì, ẹ kó ìwé S lọ sí ti àgbà, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Kí òbí pinnu fún ọmọ tirẹ̀

Oríṣi méjì ni. Èyí tó ní kí òbí kọ̀wé kí ọmọ tó lè yá ìwé kò dára. Lẹ́tà kì í padà wá. Òbí tó ń lọ sójà Sábọ̀ ní ìdájí, apẹja tó sùn sí ojú omi, ìyá tí kò mọ̀wé: ọmọ tiwọn ni kò ní rí ìwé yá, kì í ṣe pé wọ́n kọ̀.

Oríṣi kejì ni pé gbogbo ọmọ lè yá ìwé tó tọ́ sí kíláàsì rẹ̀, àyàfi tí òbí bá kọ ọ́ wá pé òun kò fẹ́ irú èyí fún ọmọ òun. Èyí bọ́gbọ́n mu. Abala ìwé kan ṣoṣo, Yorùbá lójú kan, Gẹ̀ẹ́sì lójú kejì. Ní Àgbádárìgì, kí ẹnì kan kà á jáde ní èdè Ògù (Ègùn) fún àwọn tó bá nílò rẹ̀. Ẹ pín in níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ àkọ́kọ́ nínú sáà. Kó wà fún ọdún kan. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà olùkọ́, ẹ má kọ ọ́ sára káàdì ọmọ, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ìwé ìdánwò má sí nínú ohun tí òbí lè kọ̀ láìkọ́kọ́ bá tíṣà sọ̀rọ̀.

Òun nìkan kò tó. Kò dáàbò bo ọmọ tí òbí rẹ̀ kò kọ nǹkan kan wá. Tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà kíláàsì, ó máa ń pa iná ìjà: òbí tí inú ń bí ní ohun tó lè ṣe lọ́jọ́ náà gan-an láìfọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ.

Sẹ́lífù ṣíṣí, olùkọ́ tó ń tọ́ni

Òun ló dára jù fún ọmọ tó ti gbọ́njú, òun náà ló sì wọ́n jù, nítorí ènìyàn ló ń ná, kì í ṣe sítíkà. Ó nílò olùkọ́ láíbìrì tó ka ìwé rẹ̀, tó sì wà níbẹ̀ ní àkókò ìsinmi àti wákàtí kan lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹni tí LRCN, àjọ ìjọba fún àwọn oníṣẹ́ láíbìrì, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló dára jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi láíbìrì kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣíṣí láìsí olùtọ́sọ́nà kì í ṣe ọ̀nà kẹrin yìí. Kí á má tan ara wa.

Ohun tó yàtọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan

Ní Àgbádárìgì, òwò ẹrú ni. Ọjà Vlekete, ilé Mobee, bàrákúùn (ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí) ti Sẹ́ríkì Abass: ìtàn náà wà lójú pópó, àwọn ọmọ sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé-ìwé. Ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ ti ènìyàn mọ́lẹ̀ lè gba P. Èyí tó ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe fipá bá ẹrúbìnrin lò, S ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ààlà kíláàsì bo orúkọ àwọn aládùúgbò wa tó ta ènìyàn. Ìtìjú ìdílé kì í ṣe ewu fún ọmọ, òtítọ́ náà sì jẹ́ ti ọmọ ẹni tó ta àti ti ọmọ ẹni tí wọ́n tà.

Ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ Orò àti Mágbó, ọdún ìbílẹ̀ tí obìnrin kì í jáde wò, lè dìde: ṣé ọmọbìnrin lè ka ìwé tó ń ṣàlàyé rẹ̀? Ìwé tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í ṣe awo mọ́. Àṣà ìlú ní ọjọ́ rẹ̀ àti ojú ọ̀nà rẹ̀, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un níbẹ̀. Nínú láíbìrì, ààlà kíláàsì kò gbọdọ̀ di ààlà akọ àti abo. Ọ̀rọ̀ kejì ni ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ìlú tó rí ìpànìyàn Badoo ní 2016 àti 2017 lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù, àmọ́ ìtàn tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń fa ọmọ wọ ẹgbẹ́ àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ kí àwọn tó ń fani tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. J ni mo fún un, kì í ṣe S.

Ní Ẹ̀pẹ́, mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe jọ ń gbé ni. Ẹ̀sùn tó máa ń dé ni pé ìwé ẹ̀sìn kan pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Kíka iye ìwé tó wà ní nọ́ńbà 200, níbi tí ìwé ẹ̀sìn wà, ń yanjú èyí ju dídè lọ: tí ọ̀kan bá pọ̀ jù, ẹ wá ti àwọn yòókù kún un.

Bí ẹ̀sùn bá dé

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹ ní fọ́ọ̀mù. Kó béèrè orúkọ ìwé, ojú ewé, bóyá ẹni náà ka ìwé náà tán, kíláàsì ọmọ rẹ̀, àti ohun tó fẹ́: ṣé fún ọmọ tirẹ̀ ni, àbí fún gbogbo ọmọ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn máa ń parí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ọmọ tirẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí ní lọ́kàn. Ìgbìmọ̀ ènìyàn márùn-ún tó: igbákejì ọ̀gá, olùkọ́ láíbìrì, tíṣà kan tó mọ iṣẹ́ tí ìwé náà bá mu, àti òbí méjì tí ẹ̀sìn wọn kò papọ̀. Kí gbogbo wọn ka ìwé náà láti páálí dé páálí. Ọjọ́ iṣẹ́ 14 ni kí ẹ fún un, kí ìwé sì wà níbi tó wà títí ìdájọ́ á fi dé. Tí òbí kò bá gbà, ó lè lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ agbègbè rẹ̀: District II fún Ìkòròdú, III fún Ẹ̀pẹ́, V fún Àgbádárìgì, tó bá jẹ́ pírámárì ìjọba, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni.

Ta ni kó mú èwo

Pírámárì tó dá dúró: ẹ ṣe àyẹ̀wò páálí dáadáa, ẹ kó ìwé àgbà kúrò, kí ẹ ṣí gbogbo ohun tó kù sílẹ̀. Ẹ kò nílò àmì kankan.

Ilé-ìwé aládàáni tí nọ́sìrì, pírámárì àti girama jọ ń lo yàrá kan: ààlà kíláàsì, pẹ̀lú lẹ́tà òbí. Ẹ̀yin ni ọ̀nà yìí yẹ jù, ẹ̀yin náà ni ìjà máa ń bá jù tí ẹ kò bá ṣe é.

Girama kékeré ti ìjọba: P àti J nìkan, ìwé S kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Girama àgbà tó ní olùkọ́ láíbìrì gidi: sẹ́lífù ṣíṣí. Èyí tí kò ní: ìwé S sẹ́yìn tábìlì, títí wọ́n á fi rí ẹni.

Ilé-ìwé ẹlẹ́sìn lè yàn láti má ra ìwé kan, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń fún òbí lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, kí òbí mọ̀ kó tó sanwó, kí wọ́n sì fi ìwé WAEC àti ìwé nǹkan oṣù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Èyí tó ní kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí kò ní yàrá: ẹ yan ìwé 100 tó dára fún gbogbo ọmọ, kí tíṣà kíláàsì SS tọ́jú ìwé S mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ìsinmi oṣù kẹjọ ló dára jù láti ṣe é, kí lẹ́tà òbí lè wà ní títẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án.